KÁ RÌN, KÁ PỌ̀: TA NI Ó NI ÌRÌN ÀJỌRÌN?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹni. Àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Bí a bá gbé òwe méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń jà. Èkíní ń yin àjọrìn, èkejì ń bẹ̀rù rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kí ó kọ àròkọ lórí ìṣọ̀kan a máa mú èkíní, a sì fi èkejì pamọ́ de ọjọ́ tí wọn yóò ní kí ó kọ̀wé lórí ẹgbẹ́ búburú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ronú jinlẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni ó ń mú kí àjọrìn yẹ ni, kí sì ni ó ń mú kí ó ba ni jẹ́? Ju gbogbo rẹ̀ lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ bá ń rìn pọ̀, ta ni ó ni ìrìn náà? Ta ni a ó yìn bí ó bá dára, ta ni a ó sì bá wí bí ó bá burú?

Àwọn tí wọ́n ti kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí a máa wá ẹ̀rí lọ sí ààfin ọba tàbí sí ojú ogun. Ní tèmi, ibi tí ó súnmọ́ wa jù lọ ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni inú ẹran ara wa. Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ físíìsì àti àwọn onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ti ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tú wò, tí ó sì ní ẹ̀kọ́ nínú fún ẹni tí ń kọ́ni àti ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́.

Bí Ọgbẹ́ ṣe ń Jinná

Kí á mú àgbẹ̀ kan tí àdá bù lẹ́sẹ̀ nínú oko obì ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ̀jẹ̀ yóò kọ́kọ́ dì. Lẹ́yìn náà ni èépá yóò bo ojú ọgbẹ́. Ojú wa kò ní rí ju èyí lọ títí èépá yóò fi jábọ́, tí a ó sì rí awọ tuntun lábẹ́ rẹ̀. A ó wá wí pé, ‘Ọgbẹ́ ti jinná.’ Ọgbẹ́ ni olùwà inú gbólóhùn wa, bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ kọ́ ni ó ṣiṣẹ́. Gbólóhùn kúkúrú yìí ti bo àìmọye òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni àwọn òṣìṣẹ́ náà. Sẹ́ẹ̀lì ni ohun abẹ̀mí kíkíní tí a fi kọ́ ara ènìyàn, ti ẹranko àti ti ewéko, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé. Àmọ́ ṣá o, búlọ́ọ̀kù kì í kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì a máa rìn. Bí awọ bá ya, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní etí ọgbẹ́ a na ara wọn síwájú bí ẹni tí ń na ẹsẹ̀ sínú òkùnkùn; wọn a di ilẹ̀ mú, wọn a sì wọ́ ara wọn tẹ̀ lé e. Wọn kì í sáré. Ìrìn tí wọ́n ń rìn ní wákàtí kan kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Wọn kì í sì í rìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cadherin, èyí tí Masatoshi Takeichi ará Jápáànì ṣe àwárí rẹ̀, ni wọ́n fi ń di ara wọn mú. Bí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n, wọn a dà bí ẹní tí ẹnìkan tẹ́ sílẹ̀ tí ó sì ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láti bo ibi tí ó ṣí sílẹ̀.

Ta ni ó ń wọ́ ẹní náà? Lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i, ìdáhùn kò ṣòro: àwọn tí ó wà níwájú ni wọ́n ń fa àwọn tí ó wà lẹ́yìn, bí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le ti ń fa èyí tí ó bàjẹ́. Ní ọdún 2009, Xavier Trepat, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí ìbéèrè yìí. Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ajá ni wọ́n lò, irú èyí tí Madin àti Darby yà sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1958, tí àwọn onímọ̀ sì ń sìn nínú àwo títí di òní. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ohun rírọ̀ kan tí ó dà bí ẹ̀kọ tí ó ti dì, tí wọ́n ti po ìlẹ̀kẹ̀ tíntìntín mọ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fa ilẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ a yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá yẹ̀, ẹni tí ó mọ ìṣirò a lè mọ bí ipá tí ó fà á ti tó.

Ohun tí wọ́n rí dojú èrò àkọ́kọ́ dé. Àwọn tí ó wà níwájú ń fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn nìkan. Láàárín agbo, ní ìlà púpọ̀ lẹ́yìn àwọn ará iwájú, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ipá náà ti ń wá. Olúkúlùkù sẹ́ẹ̀lì ń fa ilẹ̀ tí ó tẹ̀, ó ń fa aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò náà sì ń fa òun. Kí á fi ojú inú wo àwọn apẹja tí wọ́n ń fa àwọ̀n ńlá wá sí èbúté ní Ìwópin tàbí ní Mákùn-Omi, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ẹni tí ó wà níwájú ni ojú àwọn òǹwòran máa ń wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó wà láàárín bá dẹwọ́, tí wọ́n kàn gbé ọwọ́ lé okùn lásán, àwọ̀n kò ní kúrò nínú omi. Okùn mọ ẹni tí ń fà, bí òǹwòran kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ta wá ni ó ń sọ ọ̀nà fún wọn? Ní ọdún 1995, Tamás Vicsek ti ilẹ̀ Họ́ńgárì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà gbé ìdáhùn kan kalẹ̀ tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yani lẹ́nu. Wọ́n ní kí á ro ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ń rìn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò mọ òfin mìíràn ju pé kí ó wo àwọn tí ó yí i ká, kí ó sì kọ ojú sí ibi tí ọ̀pọ̀ wọn kọ ojú sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa ṣìnà díẹ̀díẹ̀. Bí wọn kò bá pọ̀, olúkúlùkù a máa lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pọ̀ tó níbì kan, tí ìṣìnà wọn kò sì pọ̀ jù, gbogbo wọn a dédé kọ ojú sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Kò sí ọba, kò sí akéde, kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí gbogbo agbo ń lọ. Aládùúgbò ni ó ń kọ́ aládùúgbò.

Aṣíwájú Yàtọ̀ sí Olórí

Ẹ̀kọ́ kìíní tí mo rí kọ́ nínú èyí wà nínú èdè wa fúnra rẹ̀. A máa ń lo ‘olórí’ àti ‘aṣíwájú’ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Olórí ni ẹni tí ó ní orí, ẹni tí ìpinnu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣíwájú ni ẹni tí ó wà ní iwájú, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń rìn pọ̀ ní aṣíwájú, wọn kò ní olórí. Ohun tí ó sì sọ aṣíwájú wọn di aṣíwájú ni pé òun ni ó bọ́ sí etí ibi tí ó ṣí sílẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2019 lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú fi hàn pé iwájú a máa tán aṣíwájú lágbára ju àwọn tó ń tẹ̀ lé e lọ, àti pé nígbà tí agbára rẹ̀ bá dínkù, òmíràn a bọ́ síwájú ní ipò rẹ̀. Iṣẹ́ ni iwájú jẹ́ fún un. Kì í ṣe oyè.

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ irú ètò yìí. Nínú àáró, àwọn ọ̀dọ́ a kó ara wọn jọ lọ sí oko ọ̀kan lónìí, sí oko òmíràn lọ́la. Olóko òní ni aṣíwájú òní. Lọ́la, yóò wà láàárín èrò, yóò máa kọ ebè fún ẹlòmíràn. Ohun tí ó mú àáró dúró ni pé kò sí ẹni tí ó lè fi àárín èrò ṣe ibi ìsinmi. Olóko ń wo ebè ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ó mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun náà yóò san án padà ní ebè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìlú wa ṣe dàgbà. Ìjẹ̀bú-Igbó lónìí jẹ́ àpapọ̀ Òjòwò, Àtíkórí, Òkè-Àgbò, Òkè-Ṣópin àti Jàpárà. Orúkọ Àgọ́-Ìwòyè fúnra rẹ̀ kò fi pamọ́ pé àgọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí àwọn ènìyàn kó ara wọn jọ sí. A ní ọba, a sì ń bọlá fún wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ọba tí ó lè fi apá tirẹ̀ nìkan wọ́ ìlú síwájú bí àwọn ará àárín bá kàn gbé ọwọ́ lé okùn.

Ta Ni ‘Wọ́n’?

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ sí ibi iṣẹ́ rere, kò ní le. Ibi tí ó ti le ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ bá ṣe ohun búburú. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá mọ̀ pé arọ́pò-orúkọ ‘wọ́n’ ní iṣẹ́ kan tí ó yàtọ̀ sí kí ó máa dúró fún àwọn ènìyàn tí a ti dárúkọ. A lè fi í sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìfi hàn ẹni tí ó ṣe é: ‘Wọ́n jí ewúrẹ́ náà gbé.’ ‘Wọ́n ti ba ilé ìwé jẹ́.’ Ìlò yìí rọrùn, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ibi ìsápamọ́sí tí ó dára jù lọ ní èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí a ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ yìí. Ẹnìkan pariwo ‘Olè!’ ní ọjà. Èrò pé jọ. Ọ̀kan gbá a létí, òmíràn ju òkúta, ẹnìkẹta mú táyà wá. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọmọ ènìyàn ti di eérú, ó sì lè jẹ́ pé kò jí ohunkóhun. Bí a bá béèrè, ìdáhùn ni pé, ‘Wọ́n lù ú pa.’ Bi ẹni tí ó gbá a létí. Yóò ní ìgbájú kò pa ènìyàn. Bi ẹni tí ó ju òkúta; yóò ní òkúta kan ṣoṣo ni. Bi ẹni tí ó kàn dúró tí ó ń wò, tí ara rẹ̀ di ọ̀nà mọ́ ẹni tí ìbá sá àsálà. Yóò ní òun kò ṣe nǹkankan rárá. Òkú wà nílẹ̀, apààyàn kò sí.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdáhùn kan bẹ̀rẹ̀ láti orí àga kan, ó sì ń ti ọ̀dọ̀ aládùúgbò dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò títí ó fi kárí gbọ̀ngàn, gẹ́gẹ́ bí òfin Vicsek ti wí. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Olùyẹ̀wò yóò sì rí àṣìṣe kan náà, pẹ̀lú ẹ̀bi àmì ohùn kan náà, nínú ogójì ìwé. Bí ó bá sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn tí yóò gbọ́ ni pé, ‘Gbogbo wa ni.’

Níbi yìí ni ìmọ̀ nípa sẹ́ẹ̀lì ti wúlò fún wa. Ẹni tí ó bá ní ‘Mo kàn wà láàárín wọn ni’ ń sọ ohun méjì pọ̀. Ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á má ṣe dá òun lẹ́bi. Ó sì tún ń sọ ohun kan bí òótọ́, pé àárín agbo kì í ṣiṣẹ́, iwájú ni ó ń ṣiṣẹ́. Ohun kejì yìí ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró lé. Bí ohun kejì bá wó, ẹ̀bẹ̀ náà wó. A sì ti rí i pé àárín agbo a máa fà, ó tilẹ̀ lè fà ju iwájú lọ. Ẹni tí ó ju òkúta àkọ́kọ́ ìbá ti ju ẹyọ kan kí ó sì bá tirẹ̀ lọ, bí kò bá sí èrò tí ó fún un ní àyà.

Ẹlòmíràn lè ní, ‘Mo gbà pé mo fà, ṣùgbọ́n ipá tèmi kéré.’ Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú, ó sì yẹ kí á dá a lóhùn dáadáa. Ipá a máa pín. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá fa àwọ̀n kan pẹ̀lú agbára kan náà, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àǹfààní a máa pín bákan náà, nítorí wọn yóò pín ẹja. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í pín. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jí ewúrẹ́ kan pa jẹ, a lè pín owó ewúrẹ́ sí ọ̀nà mẹ́wàá nígbà tí wọ́n bá ń san án padà, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá olè. Odindi olè ni olúkúlùkù. Ìdí tí àwọn àgbà fi wí nìyẹn pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó gba epo kò gun àjà. Àárín ni ó wà. Síbẹ̀, àwọn àgbà kò jẹ́ kí àárín gbà á là.

Ìtakò Kan

Mo mọ̀ pé òǹkàwé tí ó mú ọ̀rọ̀ lọ́kùn-únkúndùn yóò takò mí pé: ‘Sẹ́ẹ̀lì kò ní inú tí yóò fi ronú. Kò ní ìwà, kò mọ rere yàtọ̀ sí búburú. Báwo ni a ṣe lè ti ara ohun tí kò ní ìwà kọ́ ìwà?’ Ìtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dá kò sọ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Alántakùn obìnrin mìíràn a máa jẹ akọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe àpẹẹrẹ ní ọjọ́ ìgbéyàwó. N kò ní kí sẹ́ẹ̀lì máa pàṣẹ fún wa. Ohun tí mo ní kò ju pé sẹ́ẹ̀lì jẹ́rìí lòdì sí irọ́ kan lọ. Irọ́ náà ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ ṣe kò ní ẹni tí ó ṣe é. Ẹlẹ́rìí kò ní láti jẹ́ ọmọlúàbí kí ẹ̀rí rẹ̀ tó jẹ́ òótọ́. Àpáta tí ẹlẹ́sẹ̀ tẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ lè jẹ́rìí. Nígbà tí irọ́ bá ti kúrò lọ́nà, ìwà yóò wá rí àyè sọ tirẹ̀, ìwà tiwa gẹ́gẹ́ bí ènìyàn.

Ìṣọ̀kan Jẹjẹrẹ

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí, a kò gbọdọ̀ gbọ́ ìdajì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ń wo ọgbẹ́ sàn nìkan kọ́ ni ó ń rìn pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì àrùn jẹjẹrẹ náà a máa rìn pọ̀. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú fi hàn nínú eku pé àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n di ara wọn mú nígbà tí wọ́n ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ lè fi ìlọ́po 23 sí 50 ju àwọn tí ó ń dá lọ ní agbára láti dá àrùn sílẹ̀ níbòmíràn nínú ara. Ẹ ò rí i pé ìṣọ̀kan nìkan kì í ṣe ìwà rere! Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ọwọ́ náà ni a fi ń fọ́lé. Ẹni tí ó bá ń yin ìṣọ̀kan láìbéèrè ohun tí a ṣọ̀kan lé lórí ń yin okùn láìwo ohun tí okùn náà so.

Kí wá ni ìyàtọ̀ láàárín agbo tí ń wo ọgbẹ́ sàn àti agbo tí ń pa ara? Ìdáhùn kan ti wà láti ìgbà pípẹ́. Láàárín 1950 sí 1959, Michael Abercrombie àti Joan Heaysman ní Lọ́ńdọ̀nù wo àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú láti inú ọkàn ọmọ inú ẹyin adìẹ. Wọ́n rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ń lọ tí ó sì kan òmíràn, a dúró, a sì yí ojú sí ibòmíràn. Kì í gun ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo irú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan, wọ́n rí i pé ìfarakanra kò dá a dúró. Ó ń wọ àárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Bákan náà ni pẹ̀lú ọgbẹ́. Nígbà tí awọ apá ọ̀tún bá pàdé ti apá òsì, iṣẹ́ parí, ìrìn dúró. Ìwọ̀nba ni ìwòsàn mọ̀. Jẹjẹrẹ kò mọ ìwọ̀n.

Òṣùwọ̀n méjì ni mo rí fà yọ níhìn-ín, tí ó lè la ìjà àwọn òwe wa méjì. Kí á tó sọ pé àjọrìn kan yẹ ni, kí á kọ́kọ́ béèrè pé: ǹjẹ́ ó mọ ibi tí yóò ti dúró? Èkejì: ara wo ni ó ń ṣiṣẹ́ fún? Awọ tí ń bo ọgbẹ́ kì í ṣiṣẹ́ fún awọ nìkan. Gbogbo ara ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Jẹjẹrẹ kò ní ara mìíràn tí ó mọ̀ ju tirẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ara tí ó ń jẹ náà ni ilé rẹ̀. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ó tún ọ̀nà ṣe tí ó sì tú ká lọ jẹun yege nínú òṣùwọ̀n méjèèjì. Ẹgbẹ́ òkùnkùn tí ń rọ́ lu ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kùnà nínú méjèèjì, bí ìfẹ́ àárín wọn ti wù kí ó jinlẹ̀ tó. Àgùntàn kò ṣẹ̀ nítorí pé ó rìn; ó ṣẹ̀ nítorí pé kò béèrè ohun tí ajá ń jẹ.

Egbò tí Kò Dunni

Ìhà mìíràn tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Bí àjọrìn bá lè burú, àìrìn pọ̀ náà lè pani. Àrùn kan wà tí a ń pè ní egbò Bùrúlì, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti agbègbè kan ní Ùgáńdà. Kòkòrò tí ń fà á a máa wà ní àyíká omi tí kì í ṣàn dáadáa àti ilẹ̀ àbàtà. Oró tí kòkòrò yìí ń tú jáde ni àwọn onímọ̀ mọ̀ dájú ní 1999. Ní 2013, ìwádìí mìíràn fi hàn pé oró náà a máa da ètò inú sẹ́ẹ̀lì awọ rú, tí wọn kò fi ní lè di ara wọn mú mọ́, tí wọn kò sì ní mọ ọ̀nà tí wọ́n ń rìn mọ́. Oró kan náà a máa pa ìrora. Nítorí náà egbò yóò máa fẹ̀, aláìsàn yóò sì máa rìn káàkiri bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ará Nàìjíríà ni wọ́n ti tọ́jú fún àrùn yìí ní Pobè, láàárín àwọn ọmọ Oòduà ẹlẹgbẹ́ wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó ní oògùn, ó sì dára kí á tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Kí olùkọ́ tí ó wà ní ẹ̀bá omi má ṣe fojú di kókó tàbí egbò tí kò dun ọmọ ilé ìwé.

Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwùjọ náà lè ní egbò tí kò dunni. Nígbà tí okùn àárín wa bá já, tí olúkúlùkù sì ń wí pé ‘kò kàn mí,’ ibi tí ó ṣí sílẹ̀ yóò máa fẹ̀ láìsí ariwo. Ọjà tí wọ́n ti pa aláìṣẹ̀ ní àná, tí àwọn ènìyàn sì pàtẹ síbẹ̀ lónìí láìsí ìbéèrè kankan, ti ní irú egbò bẹ́ẹ̀.

Ibi tí Ènìyàn ti Yàtọ̀

Ó kù kí á sọ ibi tí àkàwé wa parí sí, nítorí àkàwé tí kò ní òpin a máa di ìtànjẹ. Ohun abẹ̀mí kan wà nínú ilẹ̀ igbó tí ó ń jẹ́ Dictyostelium. Kenneth Raper ni ó ṣe àpèjúwe irú rẹ̀ tí a mọ̀ jù ní 1935. Bí oúnjẹ bá wà, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ a máa dá gbé. Bí ebi bá dé, wọn a pe ara wọn, wọn a kó ara wọn jọ, nígbà mìíràn wọn a tó 100,000, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Wọn a wá rìn pọ̀ bí ìdin kan ṣoṣo. Nígbẹ̀yìn, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún wọn a kú, wọn a sì di igi tí àwọn yòókù yóò gùn kí afẹ́fẹ́ tàbí ẹranko lè gbé wọn lọ sí ibi tí oúnjẹ wà.

Ẹnìkan kò bi àwọn tí ó di igi léèrè. Níbi yìí ni a ti gbọ́dọ̀ dúró, kí á wí pé: ènìyàn kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Àwùjọ tí ó bá sọ àwọn ọmọ ẹlòmíràn di igi àtẹ̀gùn láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tí ó sì pe èyí ní ìṣọ̀kan, ti ṣe ohun tí a lè gbà lọ́wọ́ ohun tí kò ní ohùn, ṣùgbọ́n tí a kò lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Lójú Yorùbá, olúkúlùkù ni ó yan orí tirẹ̀ wá. Kò sí ẹni tí ó bá ẹgbẹ́ yan orí kan pọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orí tí a dá yàn ni a ó dá jíhìn fún. Sẹ́ẹ̀lì kò lè sọ pé ‘rárá’ fún aládùúgbò rẹ̀. Ènìyàn lè sọ ọ́. Nítorí pé ó lè sọ ọ́ ni ìyìn fi tọ́ sí i nígbà tí ó bá fà, òun náà ni ẹ̀bi fi tọ́ sí i nígbà tí kò yẹ kí ó fà.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í jẹ́ ‘àwá dé.’ Òtítọ́ ni. Ó yẹ kí á fi èyí kún un pé kò sí ‘àwá dé’ tí kì í ṣe ‘èmi’ kọ̀ọ̀kan ni ó para pọ̀ dì í. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ìrìn àjọrìn kì í ṣe ti aṣíwájú nìkan, kì í sì í ṣe ti ‘wọ́n.’ Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ń fà ni, ní odindi. Kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìlò ‘wọ́n’ nínú gírámà, kí á sì tún máa kọ́ wọn láti béèrè lẹ́yìn gbogbo ‘wọ́n’ pé, ‘Ta ni?’ Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò rántí pé orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà lórí ìwé ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ká rìn, ká pọ̀, yóò yẹ wá. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù mọ ohun tí ó ń fà, kí ó mọ ibi tí yóò ti dúró, kí ó sì lè jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é.